Ẹ Jẹ́ Kí A Tún Ṣí Yàrá Orin

Ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe ọdún ìdásílẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọpẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ ìṣirò pẹ̀lú. Bí a bá ti dúpẹ́ tán lórí ohun tí a rí gbà, ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí àwa fẹ́ fi lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé owó àjọ̀dún ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. A sì mọ̀ pé àwọn tí ohùn wọn pọ̀ jù nínú ìpàdé ni àwọn tí ó fẹ́ kí a fi owó náà kọ́ géètì tuntun, géètì ńlá tí a ó kọ orúkọ àwọn tí ó dáwó sí lára. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Géètì dára. Ṣùgbọ́n a ní ohun mìíràn láti fi lọ̀ yín, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ wa dé òpin.

Lẹ́yìn ilé ìsìn, ní ìhà ibi tí igi máńgòrò wà, yàrá kan wà tí àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí rò pé ibi ìkẹ́rùsí ni. Àwa tí a ti pẹ́ díẹ̀ mọ̀ ọ́n sí yàrá orin. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ bí a ṣe ń pín orin sí ohùn mẹ́rin. Níbẹ̀ ni dùùrù tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà, àti ìlù ńlá tí ń ṣíwájú wa bí a bá ń tò lọ sí pápá, àti fáólìnì méjì tí olùkọ́ wa máa ń nù bí ẹni ń nu ara ọmọ tuntun. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn náà láìpẹ́ yìí láti wo ohun tí ó kù nínú rẹ̀, àga tí ó ti ṣẹ́ ni ó kún ibẹ̀. Ikán ti mú dùùrù. Fáólìnì kan ṣoṣo ni a rí. Okùn rẹ̀ mẹ́ta ti já, ó ku ọ̀kan.

Kì í ṣe ẹnì kan ni ó ti yàrá náà. Olùkọ́ orin fẹ̀yìn tì, a kò sì wá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a mú àkókò orin, a fi kún ti ìṣirò, nítorí pé ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, àwa náà tí a jókòó níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. A rò pé oore ni a ń ṣe fún àwọn ọmọ wa. Àtẹ́wọ́ yẹn ni ó ń dùn wá lónìí, nítorí náà ni a fi ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú yín lọ sí ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé ìdílé kan tí ń jẹ́ Kanneh-Mason. Ọmọ méje ni wọ́n bí, gbogbo àwọn méjèèje ni ó sì mọ ohun-èlò orin lò. Isata ni àkọ́bí. Píánò ni tirẹ̀. Braimah ni ó tẹ̀ lé e. Fáólìnì ni ó mú lọ́wọ́. Sheku ni ẹ̀kẹta. Sẹ́lò ni tirẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n fáólìnì, tí olúwarẹ̀ ń jókòó kí ó tó gbé e sáàárín orúnkún méjèèjì. Konya, Jeneba, Aminata àti Mariatu ni ó tẹ̀ lé wọn, àwọn náà sì pín píánò, fáólìnì àti sẹ́lò láàrin ara wọn. Ilẹ̀ Sierra Leone ni a ti bí Kadiatu, ìyá wọn: ọmọ ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ará Wales sì ni ìyá rẹ̀. Antigua, ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ni àwọn òbí Stuart, bàbá wọn, ti wá. Ìyá ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Birmingham rí. Iṣẹ́ òwò ni bàbá ń ṣe. Àwọn méjèèjì kọ́ ohun-èlò orin nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi orin wá oúnjẹ òòjọ́.

Sheku ni ayé mọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà. Ní ọdún 2016 ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje BBC Young Musician, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, òun ni ó ta sẹ́lò níbi ìgbéyàwó ọmọ-ọba Harry àti Meghan Markle ní Windsor, tí gbogbo àgbáyé ń wò ó lórí tẹlifíṣàn. Ṣùgbọ́n Braimah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ta fáólìnì, ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal Academy of Music ní London. Òun, Isata àti Sheku jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta tí ń ṣeré káàkiri. Ó wà nínú àwo orin tí gbogbo ọmọ méjèèje jọ gbé jáde ní ọdún 2020, tí wọ́n pè ní Carnival. Bí àbúrò ẹni bá lókìkí ju ẹni lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi ìlara ba ara rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú orin ẹlẹ́ni-mẹ́ta, bí fáólìnì bá kọ̀ tí kò dún, òkìkí sẹ́lò kò lè gba orin náà là. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ nìyẹn.

Báwo ni ilé kan ṣe di bẹ́ẹ̀? Yorùbá ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá wọn ti kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tí ó pè ní House of Music, tí ó jáde ní ọdún 2020. Kì í ṣe ìtàn idán. Àwọn ọmọ náà a máa ṣeré fún ara wọn ní ọjọ́ Àìkú nínú ilé. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa a gba ìyìn, ẹni tí ó bá ṣì í a sì gbọ́ ibi tí ó ti ṣì í, láti ẹnu àbúrò pàápàá. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n a jí ní kùtùkùtù láti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kọ́ orin ní London, wọ́n a sì padà sílé. Owó tí ó ń ná wọn kò kéré, ìyá náà kò sì fi èyí pamọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Sheku nígbà tí ó yege ìdánwò ìpele kẹjọ lórí sẹ́lò, èyí tí í ṣe ìpele tí ó ga jù nínú ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin níbẹ̀, kí ènìyàn tó bọ́ sí ti àwọn àgbà.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn náà tí ó kàn wá gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ kì í ṣe ti àwọn ọlọ́rọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì ni, Trinity ní Nottingham, tí ìjọba ń náwó sí, tí àwọn òbí kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún. Ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ bí tiwa ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, Sheku fi £3,000 ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, owó yìí ni ó sì jẹ́ kí ọmọ mẹ́wàá mìíràn lè máa bá ẹ̀kọ́ sẹ́lò wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún ni, síbẹ̀ ó rántí ibi tí ó ti wá. Kò kọ́ géètì. Ọmọ mẹ́wàá ni ó dì mú kí ẹ̀kọ́ wọn má bàa já.

Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé: kí ni ó wà nínú fáólìnì tí ẹ fi ń pariwo tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Okùn mẹ́rin ni fáólìnì ní. Kò sí àmì kankan ní ọrùn rẹ̀ tí yóò sọ fún ìka pé ibí ni kí o tẹ̀. Bí ìka bá fi bí ìbú irun yẹ̀, ohùn yóò yẹ̀. Etí nìkan ni ó ń ṣọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ etí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láti orí ẹsẹ̀ ìyá wa, a ti gbé ìdajì ẹ̀kọ́ náà wá láti ilé.

Ìyẹn ni ti ẹnì kan. Nígbà tí ó bá di ti ẹgbẹ́, ẹ̀kọ́ náà tún jinlẹ̀ sí i. Nínú ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá, àwọn ẹni méjì-méjì tí ń ta fáólìnì ni ó ń jókòó ti àtẹ ìwé orin kan. Bí ó bá tó àkókò láti ṣí ìwé, ẹni tí ó jókòó sí ìhà inú ni yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ kí ó ṣí i, kí ẹnìkejì rẹ̀ lè máa bá orin lọ láìdúró. Àwọn olùgbọ́ kì í rí i. Kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣí i, orin bàjẹ́. Àwọn tí ń ta fáólìnì kejì kì í sábà gbé ohùn orí orin. Àárín ni wọ́n wà, bí álítò ti wà nínú akọrin, àwọn ni wọ́n sì ń mú kí orin ní ẹran lára. Gbogbo ọrun tí wọ́n fi ń ta okùn ni ó ń lọ sókè pọ̀, tí ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ pọ̀. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta bí ti Braimah àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ sí adarí kankan níwájú. Wọn a wo ojú ara wọn, wọn a mí èémí kan náà, orin a sì bẹ̀rẹ̀.

Ibo ni a ti ń kọ́ ọmọ wa ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lónìí? Ìdánwò ń kọ́ ọ pé kí ó bo ìwé rẹ̀ kí ẹnìkejì má rí i. Orin ẹgbẹ́ ń kọ́ ọ pé bí ẹnìkejì bá ṣubú, òun náà ti ṣubú. Ó ń kọ́ ọ láti dákẹ́ nígbà tí kò kàn án, láti wọlé nígbà tí ó kàn án, láti rẹ ohùn sílẹ̀ kí a lè gbọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní àìkówọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ní ọjà, ní ìjọ àti nínú òṣèlú mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ jù. Àìlèjọṣe ni.

A ó tún mú àpẹẹrẹ kan wá, èyí tí okùn rẹ̀ gùn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2015 ni Chi-chi Nwanoku, obìnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ígbò tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ireland, dá ẹgbẹ́ Chineke! sílẹ̀ ní London, kí àwọn olórin aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí a kì í sábà rí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè rí ibi jókòó. Braimah wà lára àwọn tí ó ti bá ẹgbẹ́ yìí ṣeré. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni ti Samuel Coleridge-Taylor.

Ta ni Coleridge-Taylor? Ọdún 1875 ni a bí i ní London. Oníṣègùn láti Sierra Leone ni bàbá rẹ̀. Ó ti padà sí Áfíríkà láìrí ọmọ náà. Croydon ni ó gbé dàgbà, nínú ilé àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń kan irin mọ́ pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin. Ilé tálákà ni, ṣùgbọ́n ilé olórin ni: alágbẹ̀dẹ náà ni ó kọ́kọ́ fi fáólìnì lé ọmọ náà lọ́wọ́, tí ó sì kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ orin kan rí i ní ìta tí ó mú fáólìnì kékeré ní ọwọ́ kan, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì ta bíìlì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà pè é wọlé, ó sì kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀. Olórí akọrin ní ìjọ tí ọmọ náà ti ń kọrin ni ó sì gbé e dìde, tí ó fi wọ Royal College of Music ní ọdún 1890, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti kọ́ fáólìnì. Ẹ ka àwọn ọwọ́ tí ó gbé ọmọ yìí: ilé, olùkọ́, ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn nínú mẹ́rin, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin yìí ni ó gbé ìwé orin kan jáde ní ọdún 1905, tí ó kó àwọn orin àwọn aláwọ̀ dúdú 24 jọ fún píánò. Orin Yorùbá kan wà nínú wọn tí ó pè ní "Oloba". Victoria Randle, ìyàwó Dókítà John Randle ti Èkó, ni ó fún un ní orin náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni èyí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, a ti mọ ìdílé olórin kí òyìnbó tó dé. Àwọn ọmọ Àyàn ń bẹ, tí orúkọ wọn nìkan ti sọ iṣẹ́ ilé wọn. Ọmọ Àyàn kì í dédé gbé ìyáàlù kọ́rùn. Gúdúgúdú tàbí omele ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò máa lu ohun kan náà títí etí rẹ̀ yóò fi là sí ohun tí ìyáàlù ń sọ. Gòjé náà wà lọ́wọ́ àwọn onísákárà, tí wọ́n ń fi ọrun onírun ẹṣin ta á, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta fáólìnì. Nínú ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ pẹ̀lú, ìdílé olórin kò ṣọ̀wọ́n. Thomas King Ekundayo Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti ọdún 1911 sí 1914. Dùùrù ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ṣùgbọ́n ó kọ́ fáólìnì pẹ̀lú. Ó padà wá di atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1962, tí ọmọ rẹ̀ fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Fela Sowande, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1905, jẹ́ ọmọ àlùfáà tí ń kọ́ni ní orin ìjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ African Suite, ti ọdún 1944, ẹgbẹ́ olókùn ni ó kọ ọ́ fún. Ilé àlùfáà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, akọrin ìjọ: láti ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Irú yàrá tí a fi àgádágodo tì yẹn ni ó bí wọn.

A mọ àwọn ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn, a kò sì fẹ́ sá fún un. Èkíní ni pé orin kì í bọ́ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Coleridge-Taylor fúnra rẹ̀ ta iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù, Hiawatha's Wedding Feast ti ọdún 1898, ní gínì 15 péré fún atẹ̀wé. Àwọn mìíràn ni wọ́n jèrè rẹ̀. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 1912, kò sì fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún aya àti ọmọ méjì. Nítorí náà, a kò ní kí gbogbo ọmọ wa fi orin ṣe iṣẹ́. A ní pápá bọ́ọ̀lù, kò sì sí òbí tí ó rò pé gbogbo ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni yóò fi bọ́ọ̀lù jẹun. Kí ara wọn lè le ni, kí wọ́n sì lè mọ bí a ṣe ń jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ọ̀kan bá yọ nínú wọn, a ó dúpẹ́. Bí kò bá yọ, dókítà tí ó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn yóò sàn fún aláìsàn.

Èkejì ni pé ìdánwò kò fún wọn láyè. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni a ń tọrọ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pẹ̀lú òtítọ́: wákàtí mélòó ni ọmọ wa ń lò nídìí fóònù lóòjọ́? Àwa tí a pàtẹ́wọ́ nígbà tí a mú àkókò orin kúrò, ǹjẹ́ a tilẹ̀ béèrè lẹ́yìn náà bóyá ìṣirò wọn sàn sí i? A kò béèrè.

Ẹ̀kẹta ni owó, èyí sì ni ó wúwo jù. Fáólìnì kì í ṣe ohun tí gbogbo òbí lè rà. Ìdí gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń wa takisí àti ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lọ́yà lè jọ jókòó ti àtẹ ìwé kan. Ọmọ olówó yóò rí olùkọ́ nílé. Nígbà tí a ti yàrá orin, ọmọ tálákà ni a ti ilẹ̀kùn mọ́.

Àwa tí a jẹ́ onígbàgbọ́ tún ní ìdí mìíràn. Nínú Ìwé Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí 25, a kà nípa bí Dáfídì ṣe ya ìdílé mẹ́ta sọ́tọ̀ fún orin: ti Ásáfù, ti Hémánì àti ti Jédútúnì. Hémánì bí ọmọkùnrin mẹ́rìnlá àti ọmọbìnrin mẹ́ta, lábẹ́ ọwọ́ bàbá wọn sì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ orin nínú ilé Ọlọ́run. Àpapọ̀ àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ orin náà jẹ́ 288. Nígbà tí ó di àtipín iṣẹ́, kèké ni wọ́n ṣẹ́, láìka àgbà tàbí èwe, láìka olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ò rí i pé ètò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú lásán. Wọ́n ka orin sí iṣẹ́ tí a ń yan ènìyàn sí, tí a sì ń kọ́ni.

Nítorí náà, ohun tí a fi ń lọ̀ yín nìyí. Kí a kọ́kọ́ yọ ìpín kan nínú owó àjọ̀dún láti tún òrùlé àti ilẹ̀kùn yàrá náà ṣe, kí a sì pa ikán inú rẹ̀. Kí a gba olùkọ́ orin kan tí yóò máa wá ní ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde sì máa san owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, kí ó má baà jẹ́ pé a bẹ̀rẹ̀ ní àríyá, a sì parí ní ìdákẹ́. Kí a ra fáólìnì mẹ́jọ fún ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì fi gángan àti gúdúgúdú kún un, nítorí pé kò sí òfin tí ó ní kí olókùn má bá onílù jókòó. Kí ohun-èlò jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kí a máa yá àwọn ọmọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ohun-èlò orin wà nílé yín tí kò sí ẹni tí ń lò ó mọ́, lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, ẹ fi ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù ta ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́rẹ. Ẹ̀yin òbí, ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò ju pé kí ẹ fara da ariwo oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí pé ohùn fáólìnì lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò dùn ún gbọ́. Bí ó bá sì di ọjọ́ Àìkú, ẹ ní kí ọmọ náà ṣe é fún ilé gbọ́, kí ẹ pa tẹlifíṣàn, kí ẹ sì jókòó.

Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, kí a kọ́ géètì. A ó dáwó sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni agbára wa ká, ẹ jẹ́ kí a rántí pé kò sí ọmọ kan tí ó dàgbà tán tí ó sọ pé géètì ilé-ẹ̀kọ́ òun ni ó sọ òun di ènìyàn.

Fáólìnì kan ṣoṣo tí a rí nínú yàrá náà, a ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún un ṣe ní Èkó. Ó ní igi rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, pé okùn nìkan ni ó nílò àti ọrun tuntun. A ti san owó rẹ̀ láàrin ara wa. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àjọ̀dún, yóò wà lórí tábìlì níwájú ilé ìsìn, pẹ̀lú ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ lè kọ orúkọ yín sí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Olúwa tí ó pa ilé-ẹ̀kọ́ yìí mọ́ títí di òní jẹ́ kí a pàdé ní àjọ̀dún tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ mẹ́jọ dìde, kí wọ́n wo ojú ara wọn, kí wọ́n mí èémí kan náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.